Alẹ́ méjì nínú àgọ́ ní Brazos Bend: kí la máa kó, kí la máa ṣọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, là ń gbé. Ọmọ mẹ́ta la ní: ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 7 àti ọmọ ọdún 4. Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n ti lé ní 70 ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. A ti san owó ààyè àgọ́ kan tó ní iná àti omi ní Brazos Bend State Park, páàkì ìpínlẹ̀ Texas kan, fún alẹ́ Jímọ̀ àti alẹ́ Sátidé nínú oṣù kejì. Kò sẹ́ni tó sùn nínú àgọ́ rí nínú wa. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní ọ̀nì ń rìn níbẹ̀ bí adìyẹ. Kí la máa rà, kí la máa kó láti ilé, ṣé kò sí ewu fún àwọn ọmọ àti Màmá?

ÌDÁHÙN: Ọ̀nì wà níbẹ̀ lóòótọ́, a ó sì dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nì kọ́ ló máa ń lé àwọn ìdílé padà sílé ní aago méjì òru. Òtútù ni, pàápàá èyí tó ń ti ilẹ̀ wá. Ní agbègbè Houston, òru oṣù kejì sábà máa ń wà láàárín 40 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Tí afẹ́fẹ́ àríwá bá rọ́ dé, ó lè já wálẹ̀ sí 32 tàbí kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn á da bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bora, á ṣì máa gbọ̀n, torí pé kò sí nǹkan gidi lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí owó bá mọ níwọ̀n, ohun tí ẹ máa tẹ́ sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Àga kíká àti àtùpà olówó ńlá lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Fóòmù tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí gbogbo ayé ń sáré lọ rà, ló ń dá òtútù jù. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í dúró lójú kan: ilẹ̀ á mú un tutù, òun náà á sì gbé òtútù ọ̀hún wá bá ẹ̀yìn ẹni. Bí òru bá ti ń jìn, á tún máa rọ̀, ẹ ó sì rò pé ó ń jò. Ó lè má jò rárá. Afẹ́fẹ́ tó bá tutù ló máa ń sún kì. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ wo yàrá àwọn ọmọ: àwọn ẹní fóòmù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n máa ń so mọ́ra wọn lórí ilẹ̀ láti fi ṣeré, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání. Ẹ tò ó sórí ilẹ̀ àgọ́ láti ògiri dé ògiri, kí ẹ tó gbé fóòmù afẹ́fẹ́ lé e. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ dúfẹ̀ẹ́tì kan tó nípọn sórí fóòmù yẹn, kí ẹ tó wá sùn lé e. Èyí tó wà lábẹ́ ẹni ṣe pàtàkì ju èyí tí a fi bora lọ.

Ní ti àpò ìsùn, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tàn yín. Bí wọ́n bá kọ 40 sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àgbàlagbà kan á la òru oníwọ̀n 40 já nínú rẹ̀, wọn ò sọ pé oorun á dùn mọ́ ọn. Fún oṣù kejì, èyí tí wọ́n kọ 20 sí ni kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín máa dé ẹnu àgọ́, kò di dandan kí ẹ ra mẹ́fà. Dúfẹ̀ẹ́tì orí ibùsùn yín nílé á ṣiṣẹ́ náà dáadáa, bí kò bá ṣáà ti fara kan ògiri àgọ́ tó tutù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì tó kéré sùn pọ̀.

Kí olúkúlùkù bọ́ aṣọ tó wọ̀ lọ́sàn-án kó tó sùn, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Òógùn ọ̀sán ló ń di òtútù òru. Fìlà onírun àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún oorun nìkan, ìyẹn tó. Fún Màmá, ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò tó le tó sì ń dé pinpin, ẹ kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi sí ẹsẹ̀ wọn. Iná wà ní ààyè yín, nítorí náà bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná tó máa ń pa ara rẹ̀ náà dára, bí wáyà tí ẹ fi fa iná bá jẹ́ ti ìta gbangba, tí orí ìsopọ̀ rẹ̀ kò sì sí lórí ilẹ̀ tútù.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní àwàdà nínú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò èédú tàbí sítóòfù gáàsì wọ inú àgọ́ láti fi yá iná, ì báà jẹ́ pé fèrèsé àgọ́ ṣí sílẹ̀. Gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, tó ń jáde lára èédú, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó bá ti sùn kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú. Èédú tó ti rọlẹ̀, tó dà bíi pé ó ti kú, ṣì ń tú u jáde. Ẹ sọ fún Màmá náà, torí ẹni tó ti ń fi ìkòkò èédú yáná ní òwúrọ̀ ọyẹ́ látìgbà èwe lè rò pé àṣejù ni.

Ibùsùn Màmá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀. Orúnkún tó ń dunni kì í fẹ́ kí a tilẹ̀ dìde lóru. Ẹ ra bẹ́ẹ̀dì kíká onírin tó ga tó àga ìjókòó, nǹkan bí ínṣì 18, kí ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà àgọ́ kí ẹ tó lọ. Abẹ́ irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ ṣófo, atẹ́gùn á máa gbabẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ tẹ́ fóòmù lé òun náà. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ páàkì, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní ọ̀kan nínú àwọn ilé kékeré onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní screened shelter dípò ààyè àgọ́. Ó ní òrùlé àti ilẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní bẹ́ẹ̀dì. Òjò kò ní bá yín fà á, àmọ́ atẹ́gùn máa wọlé láti inú nẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí ẹ mú tapólì méjì àti okùn dání láti fi bo ìhà àríwá. Èmi ì bá mú èyí fún ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, tí ìyípadà bá ṣeé ṣe. Níbi yòówù tí ẹ bá sùn, kí tọ́ọ̀ṣì àti oògùn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kí ààyè yín má sì jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àgọ́ wá kàn. Iye èèyàn tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ jẹ́ iye ara tí wọ́n lè tò jọ láìsí ẹrù. Àgọ́ ẹni 6 gba ẹni 4. Ẹ ra ti ẹni 10, tàbí kí ẹ ra méjì tó kéré. Ẹ wo ìbòrí òjò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: tí kò bá sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìtòsí ilẹ̀ yíká-yíká, ẹ má rà á. Àwọn èèkàn tínínrín tí wọ́n fi sínú páálí máa ń tẹ̀ ní kété tí wọ́n bá kan gbòǹgbò, nítorí náà ẹ ra èyí tó jẹ́ irin gidi, ínṣì 10 ó kéré tán, pẹ̀lú hámà rọ́bà.

Ẹ ta á wò ní ẹ̀yìnkùlé ní Sátidé kan ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀, ẹ ká etí rẹ̀ sábẹ́ kó má bàa yọ síta kọjá ilẹ̀ àgọ́. Ibi tó bá ti yọ síta ni òjò máa ń dà sí, á wá ṣàn wọ abẹ́ yín. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé àgọ́ àwọn ń jò. Ẹ kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ àgọ́ fẹjú dọ́gba, ìgbà náà ni kí ẹ wá fi ọ̀pá bọ ojú ihò. Títì ni kí ẹ máa ti ọ̀pá, ẹ má fà á, torí rọ́bà ló so ó pọ̀ nínú, bí ẹ bá fà á, á já sí wẹ́wẹ́ nínú aṣọ. Kí èèkàn dà sílẹ̀ díẹ̀, kí orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àgọ́. Ẹ da ìbòrí òjò lé e, ẹ fa okùn rẹ̀ le, kí ó má lẹ̀ mọ́ aṣọ inú. Ẹ wá gbé họ́ọ̀sì, ẹ wọ́n omi sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí ọmọ ọdún 11 yẹn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó máa wá ojú tí omi ń gbà. Kò ní kọ̀ fún yín. Ojú rírán tó bá jò, ẹ fi oje tí wọ́n ń tà fún un dí i.

Bí ẹ bá jí ní Brazos Bend tí ẹ rí omi wínníwínní lára aṣọ inú, ẹ má bínú sí ẹni tó ta àgọ́ fún yín. Èémí ẹni mẹ́fà ni. Ẹ ṣí ojú atẹ́gùn òkè sílẹ̀ lóru, kódà nínú òtútù.

Nípa àkókò tí ẹ máa dé: wọn a máa gbà yín sí ààyè àgọ́ láti aago méjì ọ̀sán, oòrùn sì máa ń wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà díẹ̀ ní àárín oṣù kejì. Láti àárín Houston dé ibẹ̀ tó nǹkan bíi wákàtí kan, bí sún-kẹẹrẹ ọjọ́ Jímọ̀ bá gbà. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ní aago márùn-ún, inú òkùnkùn ló máa ta àgọ́, pẹ̀lú ọmọ tí ebi ń pa. Kí ẹnì kan nínú yín gba àyè níbi iṣẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ fi alẹ́ kan ṣòfò. Owó yẹn kò tó ohun tí alẹ́ àkọ́kọ́ tó bá bàjẹ́ máa gbà lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó kan èèkàn, ẹ wòkè. Igi óákù ńláńlá pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ta àgọ́ sábẹ́ ẹ̀ka tó ti gbẹ. Ẹ tún wolẹ̀, nítorí èèrà pupa. Òkìtì yẹpẹ rírọ̀ tí kò ní ihò lókè, ilé wọn nìyẹn. Ẹ fi ẹnu ọ̀nà àgọ́ sí ìhà gúúsù, kí afẹ́fẹ́ àríwá má baà rí yín gbá lójú.

Owó ìwọlé yàtọ̀ sí owó ààyè. 7 dọ́là ni fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, láti ọmọ ọdún 13 lọ sókè. Àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní san. Ẹ̀yin àgbà mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, 42 dọ́là. Káàdì ọdọọdún ti àwọn páàkì ìpínlẹ̀ Texas máa ń kó gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kan náà wọlé, nítorí náà bí ẹ bá máa padà lọ kí ọdún tó yí po, òun ni kí ẹ rà. Ẹni 8 ni ààyè kan gbà. Bí àwọn mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ wá kí yín ní Sátidé, wọ́n á san tiwọn lẹ́nu géètì, wọ́n á sì ti jáde kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́. Láti aago mẹ́wàá yẹn sí mẹ́fà òwúrọ̀, ariwo dópin. Ẹ gba àdúrà aago márùn-ún yín jẹ́jẹ́, láìpàtẹ́wọ́. Aṣọ lásán ló wà láàárín yín àti aládùúgbò.

Oúnjẹ ni ọmọ Yorùbá kì í fi ṣeré, òun náà ló sì rọrùn jù, bí ẹ bá se é nílé. Ẹ se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ní Ọjọ́bọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kó dì. Ẹ ṣe ọbẹ̀ ata àti mọ́ín-mọ́ín bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn yẹn á di yìnyín inú kúlà yín títí ẹ ó fi jẹ wọ́n. Ẹ bọ adìyẹ jinná nílé, kí ó jẹ́ pé yíyan nìkan ló kù fún un lórí iná lálẹ́ Sátidé. Ẹ má gbìyànjú àkàrà: epo gbígbóná, atẹ́gùn àti ọmọ ọdún mẹ́rin kò bára wọn gbé. Kí kúlà jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ohun mímu, torí òun ni wọn á máa ṣí ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Omi tí ẹ jẹ́ kó dì nínú gálọ́ọ̀nù máa ń pẹ́ ju yìnyín wẹ́wẹ́ lọ.

Sítóòfù olójú méjì tí ń lo ìgò gáàsì kékeré oníwọ̀n pọ́n-ùn kan ló tó. Bí ẹ bá tan ojú méjèèjì rẹ̀ dé góńgó, ìgò kan á tán láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, nítorí náà ẹ mú mẹ́ta. Ẹ fi ìkòkò òde àríyá sílẹ̀ nílé. Ìkòkò tó bá fẹ̀ kọjá sítóòfù á da ooru padà sórí ìgò gáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn sì léwu. Àmàlà? Ó ṣeé rò, bí ẹnì kan bá di sítóòfù mú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo oúnjẹ, kúlà, àti páálí ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀. Raccoon, ẹranko kékeré kan tó máa ń jalè oúnjẹ lóru, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà. Chin-chin tí ọmọ fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, á rí i.

Ẹ má já ẹ̀ka igi inú páàkì fi dáná, òfin kò gbà á. Ẹ má sì gbé igi láti Katy, torí kòkòrò tó ń pa igi máa ń bá a rìn. Ibẹ̀ tàbí ìtòsí ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Inú òrùka irin nìkan ni iná gbọ́dọ̀ wà. Kí ẹ tó sùn, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ̀yìn ọwọ́ yín á fi lè súnmọ́ ọn láìgbóná.

Ó kan ọ̀nì. Èyí tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní alligator. Nínú òtútù, ara wọn máa ń wúwo. Bí oòrùn bá yọ, wọ́n á gòkè wá yá a létí adágún 40-Acre Lake àti Elm Lake, nígbà mìíràn lẹ́bàá ọ̀nà gan-an. Wọ́n á dùbúlẹ̀ bí igi tó ṣubú, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n má lè ta gìrì. Ìlànà páàkì ni kí a jìnnà sí wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹ fi ọkọ̀ méjì tí wọ́n pa tẹ̀lé ara wọn kọ́ àwọn ọmọ ní bí ó ṣe gùn tó, nínú ọgbà yín, kí ẹ tó lọ. Bí ó bá la ẹnu tàbí tó ń ṣe hẹẹ, ẹ ti sún mọ́ ọn jù; ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn padà. Bí ó bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ẹ dúró tàbí kí ẹ padà. Ẹ má gba àárín òun àti omi kọjá láé, torí omi ni á sá lọ, ẹ ó sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ìwẹ̀ kò sí nínú adágún, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ wọ inú rẹ̀ fọ ọwọ́ pàápàá. Fífún wọn lóúnjẹ lòdì sí òfin Texas, torí ọ̀nì tó bá ti jẹun lọ́wọ́ èèyàn á máa wá bá èèyàn. Ẹ lè fi ìwọ̀ pẹja láti etí omi láìgba ìwé àṣẹ, nítorí inú páàkì ìpínlẹ̀ lẹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ má so ẹja tí ẹ pa mọ́ okùn sínú omi, ẹ má da ìfun rẹ̀ sétí bèbè. Bí ọ̀nì bá gbá ẹja yín mú, ẹ gé okùn.

Fún ìrìn, ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà Creekfield Lake, ìdajì máìlì, tí wọ́n ti ṣe ilẹ̀ rẹ̀ dán; Màmá á lè rìn ín pẹ̀lú ọ̀pá. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ̀yin tó kù yí 40-Acre Lake ká, máìlì 1.2. Pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ ka wákàtí kan àtààbọ̀ sí i, kì í ṣe ìṣẹ́jú 25. Ilé ìṣọ́ onígi kan wà lójú ọ̀nà tí èèyàn lè gùn láti wo adágún. Ìgò omi ìdajì lítà kan fún àgbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bàtà tí wọ́n ti wọ̀ rí, kì í ṣe tuntun, kì í ṣe sálúbàtà. Ní oṣù kejì, poison ivy, ewéko tó máa ń mú ara yún, ti wọ́wé, gbogbo ohun tó sì kù ni okùn onírun tó rọ̀ mọ́ ara igi. Okùn yẹn náà ń yún ara. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ejò kò pọ̀ nínú òtútù, àmọ́ ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ẹ wo òdìkejì ìtì igi kí ẹ tó fẹsẹ̀ dá a kọjá. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má gé e, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fokùn dè é, ẹ má sì wá òkúta dúdú. 911 ni kí ẹ pè.

Lálẹ́ Sátidé, ilé ìwòràwọ̀ George Observatory, tó wà nínú páàkì yẹn gan-an, máa ń ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú. Awò ńlá rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 36. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti ilé, nítorí ọmọ ọdún 11 yẹn lè gbàgbé ọ̀nì, kò ní gbàgbé èyí.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, kí ẹ tó di ẹrù, ẹ wo ojú ewé páàkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bóyá wọ́n ti ká iná dídá léèwọ̀ nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, bóyá odò Brazos ti kún. Ìkún omi ti jẹ́ kí wọ́n ti páàkì náà pa ní 2016 àti ní 2017. Ní Sunday, kí ẹ ti jáde ní aago méjìlá ọ̀sán. Àgọ́ á ṣì tutù nígbà tí ẹ bá ń ká a, kò burú. Àmọ́ bí ẹ bá délé, ẹ tú u, ẹ sá a sínú gáréèjì lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú nínú àpò rẹ̀, á ti bu, òórùn yẹn kì í sì í kúrò lára aṣọ.